Ọdún Tí Wọ́n Ka Ẹ̀bẹ̀ Léèwọ̀

Ní agboolé wa lẹ́yìn òkè Mápó, bí ìró ẹgba bá ti dún, ìró sálúbàtà ló máa ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ ló ni sálúbàtà náà. Ó lè jẹ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí yóò fi ọṣẹ dúdú tó ń rò lórí iná sílẹ̀, tí yóò sì máa bọ̀ tòun ti igi tó fi ń rò ó lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ sí Ọjà'ba tó sì gbọ́ igbe ọmọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń sọ: ó tó, torí tèmi, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń na ọmọ yóò sì fi í sílẹ̀, nítorí bí ó bá tún nà án lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ ló nà. Télọ̀ ni bàbá mi, ní Bẹẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Síbẹ̀ mo ti rí i tó gbé ẹgba sókè tó dá ọwọ́ dúró, tó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè dé, yóò pariwo sí inú ilé pé ṣé wọn ò ní wá gba ọmọ yìí lọ́wọ́ òun ni. Ọmọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe: ó ní láti pe orúkọ ẹni tó fẹ́ kó gba òun. Sílífá, ọmọ àbúrò bàbá mi, tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan, ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Kí ẹgba àkọ́kọ́ tó balẹ̀ ló ti máa ń pe Ìyá Àgbà, bí ẹgba bá sì ti dákẹ́, ojú rẹ̀ á ti gbẹ. Èmi kì í pe ẹnikẹ́ni. Mo máa ń dúró jẹ́ẹ́, mò ń fetí sílẹ̀ fún sálúbàtà, wọ́n sì máa ń sọ pé mo lágídí.

Nísinsìnyí tí mo ti kọjá àádọ́ta ọdún, mo mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń na ọmọ nílé wa ni ìyẹn. Ẹni tó mú ẹgba gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí yóò bẹ̀bẹ̀. Ó lè bínú dé ibi tó bá wù ú, torí pé ẹlòmíràn ni yóò bá a fòpin sí i. Nígbà yẹn, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe rí.

Ọdún tí mo ń sọ ni ọdún tí èmi àti Sílífá bọ́ sí kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwọlé, ìró ìgbálẹ̀ ló jí wa, lẹ́yìn náà ìró omi àlùwàlá tí àwọn àgbà ń dà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, lẹ́yìn náà ìró ọmọrí ìkòkò. A fi àkàrà mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá mi ti lọ sí Gbági, níbi tó ti ń ta òwú ìránṣọ, nítorí náà Ìyá Àgbà ló sin wá lọ. Ó da ìborùn funfun bo orí, ó sì ń rìn níwájú wa láìwẹ̀yìn. Tíṣà tuntun ló gba kíláàsì kẹrin lọ́dún náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì gbéyàwó, kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débi pé etí aṣọ náà mú bí abẹ. Àwọn òbí tò síwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ó sì ti kan kálukú ni wọ́n ń ti ọmọ wọn síwájú, tí wọ́n ń sọ ohun tí òbí máa ń sọ fún tíṣà: ọmọ yín nìyí, ẹ bá wa nà án dáadáa, ẹ má wo ojú wa. Alápatà kan tí gbogbo wa mọ̀ ní Ọjà'ba sọ fún un pé kó pa tòun, kó gbé egungun rẹ̀ wá fún òun nílé. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ọmọ alápatà náà sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé ọ̀kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó kàn wá, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn wa, ó sì tì wá síwájú díẹ̀. "Tíṣà, àwọn méjì nìyí," ó wí. "Mo fà wọ́n lé yín lọ́wọ́. Ẹ nà wọ́n bí ọmọ yín. A ò ní wá bi yín."

Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Ilé ìwé aládàáni tí ọmọ-ọmọ mi ń lọ máa ń mú kí àwọn òbí fọwọ́ síwèé òfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì fi gẹ̀ẹ́sì kọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn ìyá kéékèèké yẹn bá ti fọwọ́ sí i tán, ní ẹnu géètì, wọ́n á yíjú sí tíṣà, wọ́n á sì sọ tiwọn ní Yorùbá, pẹ̀lú ẹ̀rín: àǹtí, ẹ bá mi nà án o. Èmi máa ń mú ọmọ-ọmọ tèmi lọ́wọ́, mà á kí tíṣà, mà á sì bá ọ̀nà mi lọ.

Lẹ́yìn tí àwọn òbí lọ tán, tíṣà ti ilẹ̀kùn. Kì í pariwo. Ó ní gbogbo ilé ló ní òfin, kíláàsì náà sì ní tirẹ̀, òun fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni má wí lẹ́yìn pé òun kò gbọ́. Bí òun bá wọlé, gbogbo wa á dìde. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó na ọwọ́ kan sókè, a ò ní sọ ọ́ lápapọ̀ bí ọmọ kéú. Kò sí ẹni tí yóò pẹ́ dé. Ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ mọ́, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ wà lára èékánná. Bó ti ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ní kí a tún un sọ, a sì ń sọ ọ́, àwa ọmọ ilé kéú ń mì síwá mì sẹ́yìn láìmọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ló wá kàn. Ó ní nílé ìwé tí òun ti ń bọ̀, bí òun bá ti mú ẹgba ni gbogbo kíláàsì á máa sunkún ẹ̀bẹ̀, àwọn obìnrin tó ń tajà lábẹ́ igi á wọlé wá, bí òfin ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. "Nínú kíláàsì yìí," ó wí, "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá bá a bẹ̀bẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀." A tún ìyẹn náà sọ. Ó rọrùn láti há sórí.

Ọmọ tó fẹ́ràn òfin ni mo jẹ́. Mo fẹ́ràn kí n mọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nígbà tí a délé, mo jókòó ti Ìyá Àgbà nídìí ìkòkò ọṣẹ, eérú àti epo ń rùn papọ̀, mo sì ka àwọn òfin náà fún un lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí mo dé ìparí, ó dá igi dúró nínú ìkòkò. Ó ní ta ló wá máa gba ọmọ nígbà náà. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé ni tíṣà yẹn, kò tíì bímọ, bó bá bí tirẹ̀ ojú rẹ̀ á là. Ó sì padà sídìí ọṣẹ rẹ̀.

Ìgbà tí a wọlé kò tíì pẹ́ tí ìgbéyàwó fi wáyé nínú agboolé. Wọ́n so yìgì àbúrò bàbá mi obìnrin, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, àwọn obìnrin gún ewé làálì, wọ́n pe gbogbo ọmọbìnrin jáde síta, wọ́n sì ń dì í mọ́ wọn ní ìka. Mo káwọ́ mi sẹ́yìn. Mo sọ fún wọn pé òfin kò gbà á. Àwọn obìnrin náà fi mí ṣẹ̀sín títí, wọ́n ń pè mí ní adájọ́. Sílífá na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. "Ìwọ yìí," ó wí fún mi, "ṣé tíṣà ló ń gbéyàwó ni? Ọwọ́ rẹ á kàn dà bí ti ẹni tó wá fọ abọ́." Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìka rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn. Ìyá Àgbà fi ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o títí tí awọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, làálì kò kúrò, nítorí pé làálì kì í kúrò, ó ní láti gbó fúnra rẹ̀. Ó ní kí Sílífá di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bí a bá dé ilé ìwé.

Tíṣà máa ń wo ọwọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ó ní kí Sílífá lọ fọ̀ ọ́. Ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó fọ̀ ọ́, ó padà wá. Tíṣà tún rán an lọ. Nígbà tó padà tí ọwọ́ náà ṣì pọ́n, tíṣà gbà pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Sílífá na ọwọ́ kan sókè bí òfin ti wí, ó sì ṣàlàyé pé kì í kúrò. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá tíṣà mọ ohun tí làálì jẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọn kì í lò ó níbi tí ó ti wá. Ó mú ẹgba, ó sì ní kó tẹ́ ọwọ́. Sílífá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó pe Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn ẹgba kọ̀ọ̀kan, ó máa ń yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo kíláàsì dákẹ́, a ń gbọ́ bí ẹgba ṣe ń gé afẹ́fẹ́, a ò gbọ́ sálúbàtà ẹnikẹ́ni. Mo ń retí rẹ̀. Mo mọ òfin ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ mo ń retí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Sílífá kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́, èmi ló ń wò. Mi ò ro ohunkóhun. Ẹnu mi kàn là, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà sì jáde níbẹ̀: "Ó tó, sà. Torí tèmi."

Àwọn kan nínú kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rò pé ẹ̀rín yẹn ló bí tíṣà nínú ju ẹ̀bẹ̀ náà lọ. Ó pè mí síwájú, ó sì bi mí pé kí ni òfin wa wí. Mo ka òfin náà fún un láìfo ọ̀rọ̀ kankan. Ó gbá mi létí pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó sì bà mí ní etí òsì. Mi ò kọ́kọ́ mọ ìrora. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ọṣẹ bá hó kúnlẹ̀ tó dà sínú iná, lẹ́yìn náà ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi òwú dí apá kan ayé. Mo dúró níbẹ̀. Mo wo ojú àwọn ọmọ kíláàsì wa, ẹnu gbogbo wọn sì pa dé, bí òfin ti wí. Tíṣà padà sídìí Sílífá, ó sì na ìyókù tán.

Nílé, Ìyá Àgbà kò kọ́kọ́ wo etí mi. Ó ń bi wá pé ta ló bẹ̀bẹ̀. A ní kò sí àgbà kankan tó wá. Ó tún bi wá bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí bàbá mi dé láti Bẹẹrẹ, ó wo àtẹ́lẹwọ́ Sílífá tó wú, ó wò mí, ó sì ní ìgbátí tíṣà kì í pa ọmọ, pé àwa la fà wọ́n lé e lọ́wọ́. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ìyá Àgbà yọ́ àdín sínú ṣíbí, ó dà á sí etí mi ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì fi òwú dí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àdúà lẹ́nu. Etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Ó ń rùn débi pé Sílífá ń kọ ẹ̀yìn sí mi lórí ẹní. Ara mi gbóná, mi ò lè jẹun. Ní òwúrọ̀ kan ìyá mi kò lọ sí Gbági, ó pọ̀n mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbé mi lọ sí ọsibítù, Ìyá Àgbà sì tẹ̀ lé wa. Dókítà tó wò mí jẹ́ obìnrin, ó tan iná sínú etí náà, ó wò ó pẹ́, ó sì béèrè ohun tí a dà sí i. Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, títí dórí ìwọ̀n ṣíbí. Dókítà kò bá a wí. Ó ṣàlàyé pé ìgbátí náà ló fa awọ inú etí ya, pé irú awọ bẹ́ẹ̀ máa ń san fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn bí omi tàbí epo kò bá kàn án, ṣùgbọ́n pé inú etí náà ti jẹrà, kò ní gbọ́ràn mọ́. Ìyá Àgbà ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Ìyá Àgbà ń rìn lẹ́yìn wa, bí ìyá mi bá sì dúró dè é, òun náà á dúró.

Tíṣà wá kí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ó ra ọsàn dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú Ìyá Àgbà, kò sì dìde. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo kọ etí ọ̀tún sí wọn.

"Màmá, mi ò mọ̀ pé yóò dà báyìí," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní kí n nà wọ́n. Ẹ ní ẹ ò ní bi mí."

"Òótọ́ ni," Ìyá Àgbà dáhùn. "Mo sọ ọ́, gbogbo èèyàn ló sì gbọ́." "Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnìkan máa ń wà tí yóò bẹ̀bẹ̀. Ìwọ lé gbogbo wọn jáde, o wá mú ọ̀rọ̀ mi nìkan dání."

Tíṣà ń sunkún, mo sì rí i pé kò dàgbà rárá. Ìyá Àgbà ní kó dìde, kó máa lọ, kò sì fi ọwọ́ kan ọsàn náà. Ní ti ẹ̀bi tirẹ̀, ti àdín, kò sọ ọ́ fún tíṣà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò fi oògùn kankan kan ara ọmọ mọ́. Bí ọmọ bá ṣubú, á kàn gbé e dìde, á sì pe ìyá rẹ̀. Tíṣà kọ́ àwa ìyókù títí ọdún fi parí, òfin rẹ̀ kò sì yí padà. Sílífá kò padà síbẹ̀. Ó ní òun kò lọ mọ́, kò sì sí ẹni tó fi agbára mú un, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ irun dídì. Títí dòní, bí òde bá pa wá pọ̀, apá òsì mi ló máa ń jókòó sí, yóò sì máa tún ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lápá ibẹ̀ sọ fún mi.

Nígbà tí ọdún ìwé tuntun dé, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sin mí lọ. Tíṣà obìnrin ló ni kíláàsì karùn-ún. Àwọn òbí tò bí wọ́n ti ń tò, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó kàn wá, Ìyá Àgbà kò tì mí síwájú, ó mú mi lọ́wọ́.

"Ọmọ mi nìyí," ó wí. "Etí ọ̀tún nìkan ló fi ń gbọ́. Ẹ fi í síwájú. Ẹ má nà án."

Gbogbo ìlà yíjú wò wá. N kò tíì gbọ́ kí òbí kan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà rí, àwọn náà kò sì tíì gbọ́ ọ. Alápatà ọjọ́sí wà lẹ́yìn wa, ó ní Màmá, ṣé ẹ fẹ́ bà á jẹ́ ni. Tíṣà kò bínú. Ó bèèrè pé bí mo bá ṣẹ̀ ńkọ́.

"Ẹ pè mí," Ìyá Àgbà wí. "Ìta ni mo wà."

Ìta ló sì wà lóòótọ́. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sábẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà ilé ìwé, ó gbé ọṣẹ tí yóò fi ọwọ́ ṣù sórí itan, ó sì ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹgba bá dún nínú kíláàsì èyíkéyìí, yóò dìde, yóò lọ sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, yóò sì bẹ̀bẹ̀. Àwọn tíṣà tó jẹ́ ọmọ agboolé bíi tiwa á sọ ẹgba kalẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, lẹ́yìn náà inú á máa bí wọn. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Ọ̀gá ilé ìwé jáde sí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òfin kò gba òbí láyè nínú ọgbà nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ìyá Àgbà kò jiyàn. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó kọjá géètì, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọjà'ba, níbi tí mọ́tò àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń pariwo.

Tíṣà kíláàsì karùn-ún fi mí síwájú bí Ìyá Àgbà ti wí. Ìpẹ̀kun lápá òsì ló fi mí sí, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, kí etí ọ̀tún mi lè kọ sí òun àti pátákó ìkọ̀wé. Bí ilé ìwé bá parí, a jọ máa ń rìn padà sílé, Ìyá Àgbà á sì máa sọ fún mi pé òun gbọ́ ẹgba lónìí, òun sì bẹ̀bẹ̀ láti ibi tí òun wà, òun pariwo rẹ̀ dáadáa. Yóò wá bi mí bóyá mo gbọ́ òun. Mo máa ń ní mo gbọ́. Apá òsì mi ni ọ̀nà wà.